Old Course, St Andrews: bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ gbá a láti ihò kìn-ín-ní dé ìkejìdínlógún

Márùn-ún nínú márùn-ún ni mo fún Old Course, pápá góòfù tó wà ní St Andrews ní Scotland, mo sì máa ṣàlàyé ìdí ẹ̀. Owó ẹ̀ wọ́n, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ò mọ ọmọ olówó ò mọ ọmọ tálákà, àwọn ihò kan sì wà tẹ́ ẹ máa dúró níwájú ẹ̀ tẹ́ ẹ máa ní ṣé kiní yìí náà ni gbogbo ayé ń pariwo, torí pé koríko lẹ máa rí àti ilẹ̀ tó ń wú gúlegùle, kò sí igi, kò sí adágún omi, kò sí òdòdó. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo pápá góòfù tí mo ti gbá, kò sí èyí tó ń fipá múni ronú tó Old Course kéèyàn tó gbé ọ̀pá sókè.

Ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn kẹ́ ẹ tó lọ náwó yín ni pé apá òsì ni ìfọ̀kànbalẹ̀ wà, apá ọ̀tún ni èrè wà. Àwọn ihò àkọ́kọ́ ń jìnnà sí ìlú, àwọn tó kẹ́yìn ń padà bọ̀, ihò tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni, torí náà lápá òsì ilẹ̀ pọ̀ lọ súà, ẹ lè gbá a síbẹ̀ tójú yín bá tiẹ̀ dì, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí. Àmọ́ látibẹ̀, bọ́ńkà, ìyẹn kòtò oníyanrìn, àti òkìtì ló máa wà láàárín ẹ̀yin àti àsíá. Lápá ọ̀tún ẹ̀wẹ̀, green, ìyẹn orí koríko kúkúrú tí ihò wà, máa ń ṣí sílẹ̀ gbayawu fún yín, ṣùgbọ́n gorse tó jẹ́ igbó ẹlẹ́gùn-ún wà níbẹ̀, OB, ìyẹn ẹ̀yìn ààlà pápá, wà níbẹ̀. Ihò kan tẹ̀ lé òmíràn, ìpinnu tẹ́ ẹ máa ṣe nìyẹn: èló lẹ fẹ́ san, kí lẹ fẹ́ gbà padà.

Kí n tó wọ inú pápá lọ, ẹ jẹ́ n sọ bẹ́ ẹ ṣe máa débẹ̀, torí ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa nílùú ọba níbí rò pé àwọn olówó kan ló ti ibẹ̀ mọ́ra wọn. Rárá o. Ilé R&A tẹ́ ẹ máa ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn ihò kìn-ín-ní yẹn, ilé ẹgbẹ́ góòfù ni, àwọn kọ́ ló ni pápá, ará ìlú ló ni ín, St Andrews Links Trust ló ń bójú tó o, òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe ní 1974 ló gbé e lé wọn lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní handicap (nọ́ńbà tó ń sọ béèyàn ṣe mọ̀ ọ́n gbá tó) tó ṣeé fi hàn lè forúkọ sílẹ̀ fún ballot, ìyẹn ìbò tí wọ́n máa ń fà ní ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ gbá, ẹ kàn gbọ́dọ̀ tó èèyàn méjì. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ wà, tẹ́lẹ̀ ńṣe làwọn èèyàn máa ń sùn síta nínú òtútù kí wọ́n lè wà níwájú lórí ìlà kílẹ̀ tó mọ́, àmọ́ láti 2024 wọ́n ti fòpin síyẹn, ẹ máa lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, kọ̀ǹpútà á fa orúkọ, wọ́n á sì jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Owó ẹ̀ ju £300 lọ nígbà tí ojú ọjọ́ bá dáa. Nígbà òtútù ó máa ń wálẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n nígbà yẹn wọ́n á fún yín ní ẹní kékeré kan tẹ́ ẹ máa máa gbé bọ́ọ̀lù lé lórí fairway, ìyẹn ọ̀nà koríko gígẹ̀ tó lọ sí green, kí koríko má baà ya, èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ lọ nígbà yẹn tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín. Ẹ má sì lọ lọ́jọ́ Sunday. Wọ́n máa ń ti pápá lọ́jọ́ yẹn, àwọn ará ìlú á wá máa gbafẹ́ lórí ẹ̀, wọ́n á máa fa ajá wọn kiri, bó ṣe wà látayébáyé nìyẹn, àfi tí ìdíje ńlá bá wà.

Ẹ gba kádì, ìyẹn ẹni tó máa bá yín gbé ọ̀pá tó sì máa fọ̀nà hàn yín. Mo mọ̀ pé owó mìíràn lórí owó nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà á. Bàbá àgbàlagbà kan ló bá mi rìn, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu ẹ̀, tá a bá ti dé orí tee, níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ihò kọ̀ọ̀kan, á kàn na ọwọ́ sí nǹkan kan nínú ìlú lọ́ọ̀ọ́kán, ṣóńṣó ilé ìjọsìn kan, igun òrùlé kan, á ní kí n gbá a síbẹ̀, á sì ya ẹ̀gbẹ́ dúró. Nígbà tó bá tó àkókò láti gbá a sórí green, kì í sọ yáàdì tó kù dé ibi àsíá fún mi o, ibi tí bọ́ọ̀lù máa balẹ̀ sí ló máa ń sọ, nígbà míì ó máa ń fi yáàdì 20 tàbí 30 kúrú sí green. Ilẹ̀ ibẹ̀ le ni, iyanrìn etí òkun ló wà lábẹ́ koríko, bọ́ọ̀lù á balẹ̀ tán á tún máa yí lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ góòfù lórí brown nílé, ìyẹn green oníyanrìn, tẹ́ ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù kó máa fò nílẹ̀ nílẹ̀ lọ sí ibi ihò, ẹ máa gbádùn ibẹ̀ ju ẹni tó jẹ́ orí koríko tútù tó rọ̀ ló ti ń gbá lọ.

Ọ̀rọ̀ bọ́ńkà wá kù. Méjìléláàádọ́fà (112) ni wọ́n, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kéré lójú, ó sì jìn bíi kànga, koríko tí wọ́n gé pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí ẹ̀ tí wọ́n tò léra wọn ni wọ́n fi mọ ògiri ẹ̀ gàgàrà. Bẹ́ ẹ bá kó sí i, ẹ má rò pé ẹ máa gbá a síwájú, ẹ wá ọ̀nà tó yá, ì báà jẹ́ ẹ̀gbẹ́, ì báà jẹ́ ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ kàn ti jáde. Tiger Woods gba Open, ìdíje góòfù ńlá ti Britain, níbẹ̀ ní 2000, bọ́ọ̀lù mọ́kàndínlógún ló fi wà nísàlẹ̀ par (iye ìgbà tó yẹ kéèyàn gbá bọ́ọ̀lù kó tó wọlé), bọ́ọ̀lù mẹ́jọ ló fi ju àwọn tó tẹ̀ lé e lọ, láàárín ọjọ́ mẹ́rin yẹn kò kó sí bọ́ńkà ẹyọ kan. Ẹ̀yà ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ nìyẹn o jàre. Ó wà lára àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà jù láyé ìgbà náà, síbẹ̀ ibi tí bọ́ńkà ò sí ló ń wá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọlé.

Ihò kìn-ín-ní, Burn ni wọ́n ń pè é. Pápá tó wà níwájú yín fẹ̀ débi pé ẹ ò ní rò pé èèyàn lè ṣìnà, òun àti ìkejìdínlógún ló jọ ń lo fairway kan náà, kò sì sí bọ́ńkà lórí méjèèjì. Ohun tó ń dààmú èèyàn níbẹ̀ ni Swilcan Burn, odò tóóró kan tó ṣàn kọjá gẹ́rẹ́ níwájú green. Ẹ fi dráífà, ọ̀pá tó ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà jù, sínú àpò. Ẹ mú iron gígùn tàbí hybrid, àwọn ọ̀pá tí kì í gbá a jìnnà tó yẹn, ẹ dojú kọ apá òsì níbi tí afárá òkúta Swilcan wà, OB wà lọ́tùn-ún. Lẹ́yìn náà ẹ mú ọ̀pá kan lé sí èyí tó wà lọ́kàn yín, kí bọ́ọ̀lù ré odò kọjá dáadáa. Ẹni tó bá kọjá àsíá, ìgbà méjì ló máa fi pọ́tà, ọ̀pá tí wọ́n fi ń yí bọ́ọ̀lù sínú ihò, gbá a. Ẹni tó bá kúrú, omi ló lọ.

Kí n sọ ti green báyìí torí ìkejì ló ti bẹ̀rẹ̀. Méje nínú àwọn green ibẹ̀ ló jẹ́ alápapọ̀, ihò méjì lórí green kan, bẹ́ ẹ bá sì ro nọ́ńbà méjèèjì pọ̀, 18 ló máa fún yín: ìkejì pẹ̀lú ìkẹrìndínlógún, ìkẹta pẹ̀lú ìkẹẹ̀ẹ́dógún, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àsíá funfun ni ti àwọn tó ń lọ, pupa ni ti àwọn tó ń bọ̀. Ẹ wo àwọ̀ àsíá dáadáa kẹ́ ẹ tó gbá a, torí èèyàn lè wà lórí green tó tọ̀nà kó sì jìnnà sí ihò ẹ̀ débi pé á tún fẹ́rẹ̀ẹ́ mú iron.

Ìkejì, Dyke: bọ́ńkà Cheape's wà lápá òsì, gorse wà lọ́tùn-ún, àárín méjèèjì ni kẹ́ ẹ gbà, kẹ́ ẹ fì sọ́tùn-ún díẹ̀ tọ́wọ́ yín bá dá yín lójú. Ìkẹta, Cartgate, kúrú, àmọ́ bọ́ńkà ńlá kan tó ń jẹ́ Cartgate náà jókòó sápá òsì níwájú green, ẹni tó bá gbá tee shot sósì gbọ́dọ̀ gbé bọ́ọ̀lù fò ó kọjá, ẹni tó bá wà lọ́tùn-ún á kàn yí i wọlé. Níbẹ̀ ni mo ti gbà pé ó tọ́ kéèyàn fì sọ́tùn-ún, torí ihò náà ò gùn, ẹ lè fi ọ̀pá tẹ́ ẹ fọkàn tán gbá a.

Ìkẹrin ni wọ́n ń pè ní Ginger Beer, torí bàbá kan tó máa ń ta ọtí atalẹ̀ ẹlẹ́rìndòdò sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ láyé Tom Morris, ọ̀gá góòfù ìlú náà láyé àtijọ́. Ọ̀nà tóóró kan wà láàárín òkìtì àti gorse tó máa mú yín dé ibi tó dáa, èmi ò gbà á, mo lọ sósì, ẹ̀yin náà ẹ lọ sósì. Òkìtì kan wà gan-an níwájú green tó máa ń ti bọ́ọ̀lù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pinnu ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ máa gbà kẹ́ ẹ tó gbá a, ẹ má ní kẹ́ ẹ gba àárín lórí ẹ̀.

Ìkarùn-ún ni par 5 àkọ́kọ́, méjì péré ló wà ní gbogbo pápá. Bọ́ńkà méje tí wọ́n ń pè ní Seven Sisters wà lọ́tùn-ún, torí náà òsì ni, kò sí àríyànjiyàn. Níbi tó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ dé green, bọ́ńkà méjì wà lára òkè kékeré kan, Spectacles ni wọ́n ń pè wọ́n, ẹ jẹ́ kí ṣọ́ọ̀tù kejì dúró kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Lẹ́yìn òkè yẹn kòtò ńlá kan wà tẹ́ ẹ ò ní rí, òun ló ń jẹ́ kí àsíá dà bí èyí tó sún mọ́ yín. Green yẹn gùn kọjá ohun tójú yín máa gbà gbọ́. Ẹ mú ọ̀pá tó tó.

Ìkẹfà, ẹ ò ní rí ibi tẹ́ ẹ ń gbá a sí látorí tee, gorse ló bo gbogbo iwájú, àwọn bọ́ńkà Coffins sì wà lápá òsì tí wọ́n ń dúró de ẹni tó bá sá gorse jù. Kádì nìkan ló lè gbà yín. Ìkeje ni ọ̀nà ti pàdé ara wọn: ihò keje àti ìkọkànlá gba orí ara wọn kọjá, ẹni tó ń lọ á dúró de ẹni tó ń bọ̀. Bọ́ńkà Shell tó wà níwájú green fẹ̀ gan-an, ẹ mú ọ̀pá tó máa gbé yín ré e kọjá, ẹ má ṣe ìṣirò.

Ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án ò fi bẹ́ẹ̀ le, ibẹ̀ la ti ń kó owó ọkọ̀ padà. Ìkẹjọ jẹ́ par 3, bọ́ńkà kan wà níwájú lápá òsì, ẹ gbá a sọ́tùn-ún. Ìkẹsàn-án tẹ́jú pẹrẹsẹ, bọ́ńkà Boase's ló wà láàárín ọ̀nà, ẹ dúró kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ gba òsì ẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ lè fi pọ́tà yí i látọ̀nà jíjìn, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ìkẹwàá ń jẹ́ Bobby Jones, gbajúmọ̀ agbá-góòfù ọmọ Amẹ́ríkà, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ẹ̀ lẹ́yìn tó kú ní 1971. Ó kúrú, àwọn alágbára á fẹ́ gbá a débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n green náà dà sẹ́yìn, bọ́ọ̀lù tó bá balẹ̀ sórí ẹ̀ á máa lọ. Ẹ jẹ́ kó balẹ̀ níwájú kó yí wọlé. Ní 2022, inú bọ́ńkà ihò yìí ni Rory McIlroy ti gbá a wọlé tààrà ní eagle, ìyẹn bọ́ọ̀lù méjì nísàlẹ̀ par, gbogbo ayé sì rò pé Open yẹn ti di tiẹ̀.

Ìkọkànlá wá nìyí. Par 3 lásán, mo sì gbà pé òun ni ihò kúkúrú tó le jù tí mo tíì rí. Bọ́ńkà Strath wà lọ́tùn-ún gẹ́ẹ́ lẹ́nu green, bọ́ńkà Hill wà lósì, ó ga ju èèyàn lọ, odò Eden wà lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ sì ń tibẹ̀ wá láìsí ohun tó dí i lọ́nà. Green náà dagun, láti ẹ̀yìn wá síwájú, débi pé tẹ́ ẹ bá kọjá ihò, bọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ máa fi pọ́tà fọwọ́ kàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lè yí jáde kúrò lórí green pátápátá. Bobby Jones yẹn náà, ihò yìí ni ó ti sú u ní 1921, bọ́ńkà Hill ló mú un, ó gbé bọ́ọ̀lù ẹ̀, ó kúrò nínú ìdíje. Ó padà wá gba Open níbẹ̀ ní 1927, ó tún gba Amateur, ìdíje àwọn tí kì í gbá a fowó, níbẹ̀ ní 1930, nígbà tó sì di 1958 wọ́n sọ ọ́ di ọmọ ìlú St Andrews. Bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ gbá a nìyí: ẹ gbàgbé àsíá. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ òsì Strath, ẹ mú ọ̀pá tó máa mú yín dé iwájú green, tó bá kúrú díẹ̀ kò burú, ẹ máa fi pọ́tà gùnkè. Ẹni tó bá kúrú níbẹ̀ ní ìrètí par, ẹni tó bá kọjá ń wá bó ṣe máa gba 5.

Ìkejìlá kúrú, ó sì ń tanni jẹ. Látorí tee, fairway tó mọ́ fúnfún lẹ máa rí, àmọ́ bọ́ńkà wà láàárín ẹ̀, wọ́n ṣe wọ́n kẹ́yìn sí yín, ẹ ò ní rí ìkankan. Ìdí ẹ̀ ni pé nígbà kan rí, òdìkejì ni wọ́n ń gbà gbá pápá yìí, láti orí tee kìn-ín-ní lọ sí green ìkẹtàdínlógún, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbẹ́ bọ́ńkà kí ẹni tó ń bọ̀ látòdìkejì rí i. Tẹ́ ẹ bá rántí èyí, ọ̀pọ̀ nǹkan tó dà bíi pé kò bójú mu lórí pápá yìí á yé yín. Ẹ gba òsì, ẹ fi iron gbá a kẹ́ ẹ dúró kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, green náà tinrín, pèpéle kékeré kan ló wà láàárín ẹ̀, ìyókù ló ń dà nù.

Ìkẹtàlá, àwọn Coffins tún dé, láti ẹ̀yìn báyìí. Òsì wọn ni kẹ́ ẹ gbà, sí orí fairway ìkẹfà, ṣọ́ọ̀tù kejì á gùn, ilẹ̀ tó ya gánnagànna ló sì wà láàárín, ẹ fi ọ̀pá kan lé e.

Ìkẹrìnlá, Long. Níbí ni kẹ́ ẹ ti rọra ṣe, ẹ̀sọ̀ ni. Ògiri òkúta àti OB wà lọ́tùn-ún láti orí tee, àwọn bọ́ńkà Beardies wà lósì, àárín méjèèjì ni ilẹ̀ tó tẹ́jú tí wọ́n ń pè ní Elysian Fields. Ṣóńṣó ilé ìjọsìn inú ìlú ni kádì mi ní kí n wò. Ẹ dé ibẹ̀ tán, ẹ máa rò pé wàhálà ti tán, nígbà náà ni Hell máa wà níwájú yín, bọ́ńkà tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 10, tó fẹ̀ débi pé àtẹ̀gùn ni wọ́n ń gbà wọ̀ ọ́. Jack Nicklaus gba 10 lórí ihò yìí ní 1995, Hell ló ṣe é, Nicklaus tó ti gba Open lẹ́ẹ̀mejì lórí pápá kan náà, ní 1970 àti 1978. Torí náà, ṣọ́ọ̀tù kejì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jágbọ́n sósì, sórí fairway ìkarùn-ún. Ó ṣòro fún ẹni tó jẹ́ agídí láti kẹ̀yìn sí àsíá lórí par 5, ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ lọ kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun máa fò ó, ìgbà tó máa fi jáde nínú Hell èmi ti gbá bọ́ọ̀lù mi tán, mo ti jókòó. Láti òsì yẹn, òkè kékeré kan ló wà lẹ́nu green, lẹ́yìn ẹ̀ ilẹ̀ dà sẹ́yìn. Ẹ yí i gùnkè, ẹ má gbé e sókè.

Ìkẹẹ̀ẹ́dógún rọrùn díẹ̀, bọ́ńkà Cottage ló wà lósì, ẹ kàn tún wo ṣóńṣó ilé ìjọsìn yẹn.

Ìkẹrìndínlógún, bọ́ńkà mẹ́ta tí wọ́n kóra wọn jọ sáàárín fairway ń jẹ́ Principal's Nose, ọ̀kan tún wà lẹ́yìn wọn tó ń jẹ́ Deacon Sime. Ọ̀tún wọn ni ọ̀nà tó tọ́ jù, ibẹ̀ ni ojú irin ayé àtijọ́ gbà kọjá, OB ló dà báyìí, ilẹ̀ tó wà láàárín tóóró. Ẹ gba òsì. Owó tẹ́ ẹ máa san ni pé bọ́ńkà Wig máa wà níwájú yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbá a sórí green, àmọ́ ẹ fi 5 sílé kẹ́ ẹ má fi 8 lọ.

Ìkẹtàdínlógún, Road, tìtorí ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan yìí. Par 4 ni, ó gùn, wọ́n tún fà á gùn sí i fún Open ní 2010, ó di yáàdì 495. Látorí tee, abà kan ló wà níwájú yín, ara òtẹ́ẹ̀lì Old Course ni, wọ́n kọ orúkọ òtẹ́ẹ̀lì sára ẹ̀, lórí abà yẹn ni bọ́ọ̀lù máa gbà kọjá, òtẹ́ẹ̀lì fúnra ẹ̀ sì wà lọ́tùn-ún, OB ni. Lẹ́tà tí kádì bá nà yín sí lára abà yẹn ni kẹ́ ẹ wò. Bẹ́ ẹ bá fì sósì jù, ẹ máa bọ́ lọ́wọ́ OB, àmọ́ green á ti tinrín lójú yín, torí pé ó dùbúlẹ̀ gbọọrọ ní ìbú, bọ́ńkà Road jẹ ẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ òsì, lẹ́yìn ẹ̀ ni títì ọlọ́dà àti ògiri òkúta. Bọ́ọ̀lù tó bá dúró sórí títì, orí títì náà lẹ máa ti gbá a, kò sí ojú àánú. Tom Watson ń du Open ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ẹ̀ ní 1984, ó fi 2-iron gbá a, ó kọjá green, ó lọ sí ìdí ògiri, ní àkókò yẹn gan-an Seve Ballesteros gba birdie, ìyẹn bọ́ọ̀lù kan nísàlẹ̀ par, lórí ìkejìdínlógún, ó parí. Tommy Nakajima ti wà lórí green ní tiẹ̀ ní 1978, ó fi pọ́tà gbá a, bọ́ọ̀lù ṣẹ́rí padà ó yí wọ inú bọ́ńkà, kó tó jáde ó di 9.

Ọ̀nà tí mo gbà pé ó yẹ fún gbogbo ẹni tí kì í ṣe ọ̀jẹ̀: ṣọ́ọ̀tù kejì yín, ẹ má gbá a sórí green. Ẹ gbá a sí iwájú ẹ̀, lápá ọ̀tún, kó kúrú. Látibẹ̀ green ṣí sílẹ̀ ní gígùn ẹ̀, bọ́ńkà ti kúrò lọ́nà, títì ti jìnnà, ẹ fi pọ́tà gbé e gùnkè. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù gun ẹnu green, ó fì díẹ̀ sósì nítòsí bọ́ńkà tí àyà mi fi já, ó dúró. Cameron Smith náà ti ṣe irú ẹ̀ ní 2022, bọ́ńkà Road wà láàárín òun àti àsíá, kò gbé bọ́ọ̀lù sókè, ó mú pọ́tà ó yí i gba ẹ̀gbẹ́ bọ́ńkà kọjá, ó gba par ẹ̀, bọ́ọ̀lù ẹyọ kan ló fi gba Open lọ́jọ́ náà. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá tó yẹn lè tì í nílẹ̀, kí ló ń jẹ́ ìtìjú?

Ìkejìdínlógún, yáàdì 357. Àwọn ará ìlú á máa gba títì Granny Clark's Wynd kọjá láàárín fairway bí ẹni pé ẹ ò sí níbẹ̀, ẹ dúró dè wọ́n. Ẹ dojú kọ aago tó wà lára ilé R&A, òsì lọ, torí ilé àti mọ́tò ló wà lọ́tùn-ún. Níwájú green lápá òsì, kòtò kan wà, Valley of Sin, bọ́ọ̀lù tó bá kúrú á padà sínú ẹ̀. Ní 1995 Costantino Rocca wà nínú kòtò yẹn, ó fi pọ́tà gbá a látìsàlẹ̀, ó wọlé, ó di dọ́gbadọ́gba pẹ̀lú John Daly, òótọ́ ni pé Daly ló jàre nígbà tí wọ́n tún un gbá. Ẹ má ṣe gbé bọ́ọ̀lù kúkúrú síbẹ̀. Ẹ mú ọ̀pá tó máa gbé yín dé àárín green, àmọ́ ẹ má kọjá àsíá jù, torí láti ẹ̀yìn ilẹ̀ dagun wálẹ̀, ibẹ̀ ni Doug Sanders ti pàdánù bọ́ọ̀lù kékeré tí ì bá fi gba Open ní 1970, Nicklaus ló gbà á lọ́jọ́ kejì.

Ṣé ó tó owó ẹ̀? Fún ẹni tó ń gbá góòfù tó sì ń ro bọ́ọ̀lù ẹ̀ kó tó gbá a, ó tó, ó tiẹ̀ lé. Fún ẹni tó jẹ́ kó sáà ti lágbára, ẹ kọ́kọ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi pọ́tà gbá a láti yáàdì 40. Ìrìn ni o, kò sí ọkọ̀ kékeré fún ẹni tí ara ẹ̀ le, ẹ wọ bàtà tó ti bá yín mọ́ra, kẹ́ ẹ sì mú aṣọ òjò dání kódà tí oòrùn bá ń ràn láàárọ̀. Kí ẹ tó gbá a, ẹ dé Himalayas tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, pápá pọ́tà nìkan ni, àwọn obìnrin ìlú ló dá a sílẹ̀ ní 1867, owó táṣẹ́rẹ́ ni, ọmọdé lè wọlé, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń wú gúlegùle gẹ́gẹ́ bíi ti green inú Old Course gan-an, kò síbi tó dáa tó o láti fi dánra wò. Tí ballot ò bá sì mú yín, New Course wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ gẹ́ẹ́, láti 1895 ló ti wà, owó ẹ̀ kéré sí ti Old, ẹ lọ gbá ìyẹn, kẹ́ ẹ tún forúkọ sílẹ̀ fún ọjọ́ tó kàn.